Uncritical: ṣé ìyìn ni àbí ẹ̀sùn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ Ẹtì. Sítọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ni mo wà. Èmi ni mo ń gba ọjà wọlé, èmi náà ni mo sì ń fọwọ́ sí ìwé fún dírẹ́bà. Wọ́n pín ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ ọdún yìí fún wa, ọ̀gá mi wá kọ ọ́ sí tèmi pé "pleasant, hard-working, but uncritical". Mo mọ̀ pé ẹni tó máa ń bẹnu àtẹ́ lu nǹkan ni critic, mo wá gbà pé wọ́n ń sọ pé n kì í ṣàríwísí ẹnikẹ́ni. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lójú gbogbo ọ́fíìsì. Ọ̀gá kàn wò mí ni, wọn ò fèsì. Ìgbà tá a jáde ni ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ní ìyìn kọ́. Ọkọ mi ní ìyìn ni, pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ta ló tọ̀nà nínú wọn?

* * *

Àbúrò mi, ẹnì kejì rẹ ló tọ̀nà. Ìyìn kọ́.

Ohun tí ọ̀gá rẹ ń wí ni pé bí wọ́n bá ṣe gbé nǹkan wá bá ọ náà lo ṣe ń gbà á, o kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ò pè ọ́ lólè, wọn ò sì pè ọ́ ní ọ̀lẹ; wọ́n ti kọ ọ́ pé o ń ṣiṣẹ́ kára. Ṣùgbọ́n wo "but" tó wà láàárín yẹn. Ìyìn méjì ló ṣáájú, "but" wá dá wọn dúró. Ká ní ìyìn kẹta ló ń bọ̀ ni, "and" ni wọn ì bá kọ. Ẹni tó bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn "but" ni kó kọ́kọ́ kà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Má jẹ́ kí ìkúnlẹ̀ yẹn máa dùn ọ́. Àṣìṣe tó o ṣe yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn tó kàwé dáadáa ló ń ṣe é, ó sì nídìí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ "critical" ní ojú tó pọ̀. Ojú kan wà tí gbogbo wa mọ̀ láti ọsibítù: "ó wà ní critical", ìyẹn ni pé ó wà láàárín ìyè àti ikú. Òmíràn ni ti ẹni tó ń sọ àléébù nǹkan, "critical of the government". Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tó ń fi làákàyè ya èyí tó jóòótọ́ kúrò lára èyí tí kò jóòótọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní "critical thinking" nílé ẹ̀kọ́. "Un-" tó wà níwájú "uncritical" kò bá ti ọsibítù lò rárá. Aláìsàn tí ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, "stable" ni nọ́ọ̀sì máa ń pè é. Apá ẹ̀rọ tó lè bàjẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣì máa ṣiṣẹ́, "non-critical" ni ẹnjiníà máa ń sọ. Ojú kẹta yẹn gan-an ni "uncritical" ń tọ́ka sí: kò sí ìyàsọ́tọ̀, kò sí ìdájọ́, gbogbo ohun tó bá dé ni ó wọlé.

Ojú kejì náà máa ń hàn nínú rẹ̀ o. Tí wọ́n bá ní akọ̀ròyìn kan jẹ́ "uncritical of the government", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kì í rí àléébù ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ṣì ni níbẹ̀, torí ohun tí gbólóhùn náà ń sọ ni pé àléébù wà, ó sì yẹ kó rí i.

Èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. "Krinein" ni kéèyàn ya nǹkan sọ́tọ̀, kéèyàn dájọ́. Inú rẹ̀ ni "krisis" ti jáde, tí àwọn oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́ ń lò fún ìgbà tí àìsàn bá dé oríta, yálà kí aláìsàn yè tàbí kó kú; ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà dé ọsibítù nìyẹn. Àwọn onímọ̀ èdè walẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní gbòǹgbò tó bí "krinein" ló tún bí "cribrum" nínú èdè Látìn. Ajọ̀ ni cribrum.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ajọ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, inú mi dùn débi pé mo dìde lórí àga. Nítorí mo dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ajọ̀. Ìyá mi á tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, wọ́n á gbé ajọ̀ sórí ọpọ́n, wọ́n á bu èlùbọ́ sí i, wọ́n á wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kúnná á máa rọ̀ sísàlẹ̀ bí eruku ọyẹ́. Ohun tó bá kù lókè, wọ́n á fi ìka rò ó wò: ègé iṣu tí kò lọ̀ dáadáa, okùn àpò, kòkòrò nígbà míì. Wọn kì í bú ẹni tó ta èlùbọ́ náà. Wọn kì í pè é ní oníjìbìtì. Wọ́n kàn ń jọ̀ ọ́ ni. Ẹni tó bá da èlùbọ́ sómi gbígbóná láìjọ̀, ìdí orógùn ló ti máa mọ̀, torí kókó ni yóò kún inú àmàlà rẹ̀.

"Uncritical" nìyẹn. Ẹni tí kì í jọ èlùbọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọkọ rẹ ti ṣìnà ni pé "àríwísí" ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu bá a bá gbọ́ "critic". Ohun tá a rí tá a wí sí ni àríwísí, àléébù sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kì í ṣàríwísí á dára lọ́mọlúàbí. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ míì tó sàn jù: lámèyítọ́. Tú u palẹ̀, wàá rí "mọ èyí tó tọ́" nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ èyí tó tọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń wá àléébù kiri, torí ó lè jọ̀ ọ́ tán kó sì rí i pé gbogbo rẹ̀ ló dára.

* * *

Ẹnìkan tó ka ìdáhùn mi fèsì pé òmùgọ̀ ni wọ́n fi ọgbọ́n pe àbúrò wa yìí, pé "gullible" ni wọ́n fẹ́ kọ, ojú ló tì wọ́n. Mi ò gbà. "Gullible" ni ẹni tó rọrùn láti tàn jẹ. Ìwà rẹ̀ nìyẹn. "Uncritical" ń sọ ohun tó o ṣe sí nǹkan tàbí ohun tó o kọ̀ láti ṣe sí i. Olóye gidi lè jẹ́ uncritical lórí ohun kan ṣoṣo, pàápàá ohun tó bá wù ú láti gbọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ agbárí Piltdown nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1912, wọ́n gbé egungun kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní ní Sussex ni wọ́n ti hú u, pé ó jẹ́ ti baba ńlá ènìyàn tí agbárí rẹ̀ dà bíi tiwa, tí àgbọ̀n rẹ̀ sì dà bíi ti ọ̀bọ. Ó wu àwọn kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀ gan-an pé ilẹ̀ wọn ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wá. Ọdún 41 kọjá kí wọ́n tó kéde ní 1953 pé ayédèrú ni: agbárí èèyàn, àgbọ̀n ọ̀bọ orangutan, wọ́n wá pa wọ́n láró kí àwọ̀ wọn lè jọra. Wọ́n ti fi irin ha eyín rẹ̀ kó lè dà bí eyín èèyàn, àpá irin náà sì wà lára eyín fún ẹni tó bá gbé e sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Àwọn tó gbà á gbọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n gbà á láìjọ̀ ni.

Mo mú èyí wá nítorí ẹlòmíràn tó kọ̀wé pé kéèyàn máa gba nǹkan láìjọ̀, àìsàn aláwọ̀ dúdú ni. Rárá o.

* * *

Wọ́n tún bi mí bóyá "unchecked", "unvetted" àti "uncritical" jọ jẹ́ ọ̀kan náà. Wọ́n fẹ́ jọra, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe é pààrọ̀ fúnra wọn.

"Uncritical" bá ènìyàn tàbí ìwà rẹ̀ lọ: "an uncritical reader", "uncritical acceptance", "uncritical admiration". Èmi ò lè pe páálí ọṣẹ ní uncritical. Páálí tí ẹnikẹ́ni ò kà, "unchecked" ló jẹ́. Ìwọ tó o gbà á wọlé láìkà ni uncritical.

Ẹ ṣọ́ra fún "unchecked" fúnra rẹ̀. Inú ayò chess ni "check" ti wá, igbe tí wọ́n ń ké nígbà tí wọ́n bá ká ọba mọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Páṣíà fún ọba, "shah", ló wà nídìí rẹ̀. Ìtumọ̀ "dá dúró" ló ti kọ́kọ́ ní kó tó wá di "yẹ̀ wò". Ìdí nìyẹn tí "unchecked corruption" kò fi túmọ̀ sí ìwà ìbàjẹ́ tí ẹnìkan ò yẹ̀ wò. Èyí tí ẹnìkan ò dá dúró ni, bí iná tó ń jó igbó lọ ràì. Mo ti rí i tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sódì nínú ìròyìn Yorùbá, ó sì dùn mí, torí gbogbo gbólóhùn náà ló yí padà.

Ní ti "unvetted", dókítà ẹran ló bí i. "Vet" ni ìkékúrú orúkọ iṣẹ́ wọn, láti inú "veterinary". Kéèyàn tó ra ẹṣin, vet á wo eyín rẹ̀, á wo pátákò rẹ̀, á gbọ́ mímí rẹ̀. Láti ara ẹṣin ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sára èèyàn: ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́, ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. "Unvetted" ni ẹni tí wọn ò wádìí rẹ̀ kó tó dé ipò.

* * *

Èyí tó gba ọ̀rọ̀ jù lọ́dọ̀ mi ni ti àwọn tó ní bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílẹ̀ Yorùbá ló fà á. Wọ́n ní ọmọdé kì í bi àgbà léèrè, pé ọmọ tó bá ń béèrè "kí ló dé?" ìgbátí ni yóò fi jẹun. Wọ́n ní kò sí bí ẹni tí wọ́n tọ́ báyìí ò ṣe ní í di uncritical tó bá dé ọ́fíìsì.

Mo mọ ìgbátí yẹn, mo ti jẹ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ mi ò gbà pé ohun tí àwọn baba wa fi lélẹ̀ nìyẹn. Ta ló ń fẹ́ ìyàwó nílẹ̀ yìí láìwádìí? Ìfojúsóde ni, lẹ́yìn ìyẹn ìwádìí, kí alárinà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí í bọ̀. Wọ́n á rán ẹni tó dákẹ́ tó sì ń ríran lọ sí àdúgbò ìdílé náà. Á béèrè àrùn tó ń rìn nínú ẹbí, á béèrè bóyá wọ́n ń jà, bóyá wọ́n jẹ gbèsè, bóyá ọwọ́ wọn mọ́. Tí ìdáhùn ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀rọ̀ náà á kú síbẹ̀ láìsí ariwo. Àwọn tó ń ṣe èyí náà ló sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àgbà ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀ o! Ẹni tó gbọ́ tẹnu ẹnìkan tó sì dájọ́, òṣìkà ni wọ́n pè é.

Ẹ wo ẹ̀sìn méjèèjì tó gbilẹ̀ láàárín wa pẹ̀lú. Ìwé Òwe, orí 14, ẹsẹ 15: "Òpè ènìyàn gba ọ̀rọ̀ gbogbo gbọ́." Nínú Sūratul-Hujurāt, ẹsẹ 6, Àlùkùránì ní tí arúfin bá mú ìròyìn wá, kí àwọn onígbàgbọ́ wádìí rẹ̀ dájú kí wọ́n má bàa ṣe àwọn ènìyàn ní ibi láìmọ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ wa pé ká gbà á bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni bí a ṣe ń béèrè. "Ẹ má bínú, sà, ẹ bá mi wò ó bóyá ojú mi ló ń ṣe mí." Àwa la sọ ọ̀nà ìbéèrè di ìdí láti dákẹ́.

Màá sọ tèmi. Mo ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò ìwé owó fún ọdún 14 ní ilé-iṣẹ́ kan. Ní ọdún kejì mi níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, gbé ìwé epo dísù wá fún mi: 5,000 lítà, ọjọ́ kan ṣoṣo. Táńkì kan la ní. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ 3,000 sára rẹ̀ gàdàgbà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo sì ń gbà lọ jẹun lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, sáré bá mi fọwọ́ sí i, dírẹ́bà ń dúró." Mo fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni ọ́díítọ̀ láti ìta wá, obìnrin kan tí kò pariwo rárá. Ó wo ìwé, ó rìn jáde lọ wo táńkì, ó padà wá béèrè lọ́wọ́ mi pé, "2,000 tó kù ńkọ́, inú kí ni wọ́n dà á sí?" Mi ò rí ìdáhùn kankan. Wọ́n gé owó oṣù mi fún oṣù mẹ́ta. Ohun tó dùn mí ju owó náà lọ ni pé nọ́ńbà méjèèjì ti wà lórí mi tẹ́lẹ̀, mi ò fi wọ́n síra wọn ni.

* * *

Ẹnìkan ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ yìí di ti ọ́fíìsì nìkan, pé orí fóònù ni àìjọ̀ pọ̀ sí jù. Òótọ́ ni.

Àwọn tó wà ní Nàìjíríà ní 2014 á rántí. Ebola wọ Èkó ní July. Ní ìbẹ̀rẹ̀ August, kí ilẹ̀ tó mọ́, fóònù ilé wa dún. Àǹtí mi ni. Wọ́n ní ká da iyọ̀ sínú omi gbígbóná, ká fi wẹ̀, ká mu díẹ̀ nínú rẹ̀, kí oòrùn tó yọ. Mo bi wọ́n pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́. Mo gbọ́ ìró omi ní ilé kejì, mo gbọ́ ti ilé kẹta, gbogbo àdúgbò ló ti jí. Ìyàwó mi gbé ìkòkò kaná. Mo wẹ̀ ẹ́, àbúrò mi. Èmi tí mo ti san owó lórí ọ̀rọ̀ táńkì, mo wẹ omi iyọ̀ ní aago márùn-ún òwúrọ̀, torí ẹ̀rù ń bà mí, ẹni tó pè sì fẹ́ràn mi. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ lẹ́yìn náà pé ó kéré tán ènìyàn méjì ló kú ní Nàìjíríà torí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ebola fúnra rẹ̀ mú ènìyàn 20 ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú, kí WHO tó kéde ní 20 October pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó sì lé e lọ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn ẹni tó fara kan ta ni, lọ́jọ́ wo, níbo. Ìbéèrè ni wọ́n fi ṣe é.

Torí náà, ẹ má fi "uncritical" bú ẹnikẹ́ni bí ẹni pé irú èèyàn kan ni. Ẹ̀rù, ìfẹ́ àti ìkánjú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó láti gba ajọ̀ lọ́wọ́ èèyàn.

* * *

Sí ọkọ àbúrò wa, tó kọ̀wé fúnra rẹ̀ pé òun ti rí i níbi tó ti dára: ẹ̀yin náà ò jẹ̀bi tán, sà. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ nípa "uncritical affection", irú ìfẹ́ tí ìyá àgbà ní sí ọmọ-ọmọ. Kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀. Ẹni tó ń sunkún náà lè fẹ́ ẹni tí yóò kàn gbọ́ òun láìdá òun lẹ́jọ́. Nínú ilé, ọ̀rọ̀ náà lè tutù. Ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ ni wọ́n ti lò ó fún ìyàwó yín, ibẹ̀ ni kò ti tutù.

* * *

Àbúrò wa ti padà wá pẹ̀lú ìbéèrè tuntun. Ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, dírẹ́bà kan já páálí ọṣẹ, wébíìlì rẹ̀, ìwé tó ń sọ iye ọjà tó kó wá, ní 120. Ó kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti débẹ̀: 117. Dírẹ́bà ní, "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kó ọjà wá fún yín, ṣé olè lẹ wá ń pè mí ni?" Ó ní ojú ti òun, pé díẹ̀ ló kù kóun fọwọ́ sí 120.

O kú iṣẹ́. O ò pè é lólè, nọ́ńbà lo kà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti di ọjà sọ́kọ̀ ni mẹ́ta náà ti kù sílẹ̀ láìjẹ́ pé òun alára mọ̀, tó bá sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ báyìí láìsí àkọsílẹ̀, òun tàbí ìwọ ni wọ́n máa ní kó san án. Ṣàlàyé ìyẹn fún un pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Kọ 117 sójú wébíìlì, kọ aago tó jẹ́, kí òun fọwọ́ sí i, kí ìwọ náà fọwọ́ sí i. Fi LPO, ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi béèrè ọjà náà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó o wò ó bóyá 120 gan-an ni ilé-iṣẹ́ béèrè. Lẹ́yìn náà ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ kan náà, láìfi àlàyé gígùn kún un.

Tí dírẹ́bà bá ṣì ń bínú, fún un lómi tútù mu, kó o sì ní kó jọ̀ọ́, kó wá dúró tì ọ́, kí ẹ jọ kà á lẹ́ẹ̀kejì.